Títo Ìlú Ọkọ̀ Ojú Irin Ìṣeré Pẹ̀lú Àwọn Ilé Oníke Àtijọ́
Ẹni tó bá fẹ́ to ìlú ọkọ̀ ojú irin ìṣeré bí wọ́n ṣe ń tò ó ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1959, kí ó wá àwọn ilé oníke Plasticville tí ilé-iṣẹ́ Bachmann ṣe, èyí tí a ń so pọ̀ láìlo gọ́ọ̀mù. Pákó pẹlẹbẹ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó sì fẹ̀ ní 4, tó láti gbé ojú irin ìṣeré kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ Lionel ṣe.

Ike tó ti gbó a máa tètè ṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ rẹ àwọn ògiri náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ tó rọra ti etí ọ̀kan bọ inú èkejì. Omi gbígbóná lè mú kí wọ́n lọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tan iná LED sínú ilé, ẹ fi bébà dúdú bo inú ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú fèrèsé nìkan jáde, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà lálẹ́.