Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Aṣọ Tí A Ń Dì Lọ sí Ìlú Ọba Lóṣù Kẹrin

Ẹni tó ń lọ sí London lóṣù Kejìlá kì í sábà ṣi ẹrù dì. Ó ti gbọ́ nípa òtútù tipẹ́tipẹ́, ó ti ra kóòtù, ó ti ra ìbọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó ń lọ lóṣù Keje náà kò níṣòro tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ lọ́wọ́ ni àwọn tó ń lọ láàárín ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Karùn-ún: ẹni tó fẹ́ lọ ṣọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá tó fẹ́ lọ wẹ ọmọ, ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó. Ìgbà ìrúwé ni. Òdòdó ti yọ, oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n òtútù kò tíì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé.

Ẹ wo ọdún 2018. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, yìnyín bo ilẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ooru tí wọ́n wọ̀n ní St James's Park láàárín London ti lé ní 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti 1949, oṣù Kẹrin kò tíì mú irú ooru bẹ́ẹ̀ wá. Ó tún di 2021, oṣù Kẹrin kan náà tutù débi pé Met Office, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí níbẹ̀, ní ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí ìrì dídì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lóṣù náà. Tí ẹ bá wá pe ẹnì kan níbẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni òtútù ṣe máa ń rí lóṣù Kẹrin?", ọdún tí ẹ̀gbọ́n bá ń rántí ni wọ́n máa sọ fún yín.

Ojú ọjọ́ tí a ń wò lórí fóònù náà ń tan èèyàn, tàbí ká kúkú sọ pé ojú tí a fi ń wò ó ló ń tàn wá. Wọ́n á kọ 15 síbẹ̀, wọ́n á ya oòrùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwa á ní kò burú. Rímóòtù AC tó wà nílé wa, 16 ló sábà máa ń parí sí. Ìyẹn ni pé lọ́pọ̀ ọjọ́ lóṣù Kẹrin, ọ̀sán gangan ní London tutù ju ibi tí AC lè bá yín dé. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó lè já sí 6 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò sì tíì ka atẹ́gùn mọ́ ọn. Iye tó kéré jù ni kí ẹ wò, kí ẹ wo agbára atẹ́gùn, kí ẹ sì tún un wò nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ gbéra. Èyí tí ẹ wò lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Àṣìṣe tó tóbi jù lójú tèmi ni kóòtù ràgàjì kan ṣoṣo. Wọ́n á lọ sí Yaba tàbí Katangowa, wọ́n á ṣa èyí tó nípọn jù nínú òkìríkà, wọ́n á ní àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ òtútù. Oṣù Kìíní ni kóòtù yẹn wà fún. Lóṣù Kẹrin, tí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ ó máa làágùn. Tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ ó máa gbọ̀n. Ẹ ó wọ̀ ọ́ jáde láàárọ̀, ara yín á balẹ̀. Ẹ ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, pàápàá ti Central line tí àwọn ará London fúnra wọn ń ráhùn nípa ooru rẹ̀, òógùn á bò yín. Ẹ ó wọ ṣọ́ọ̀bù, hítà wà níbẹ̀ náà. Kí ẹ tó jáde síta padà, aṣọ abẹ́ ti rin fún òógùn, atẹ́gùn á wá ríbi wọlé.

Aṣọ lé aṣọ ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń wọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí tíṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ lábẹ́, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn lé e, súwẹ́tà lé ìyẹn, jákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ tí atẹ́gùn àti omi kò lè gbà kọjá, tó ní fìlà lẹ́yìn ọrùn, ló máa parí rẹ̀. Ooru dé, ẹ bọ́ ọ̀kan. Òtútù dé, ẹ dá a padà. Kí jákẹ́ẹ̀tì náà tóbi jù yín lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ra èyí tó bá wọn mu rẹ́gí lórí tíṣẹ́ẹ̀tì, tí wọn ò sì lè ká apá mọ́ nígbà tí súwẹ́tà bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ níwájú dígí kí ẹ tó dì í, bí ooru Èkó tilẹ̀ fẹ́ pa yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn.

Òjò tiwa á ṣú, á rọ̀, á dá. Tiwọn á máa kán wínníwínní láti àárọ̀, oòrùn á yọ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Agbòòrùn kékeré tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, atẹ́gùn lè yí i sódì kí ẹ tó rìn jìnnà. Ẹ má gbára lé jíìnsì àti bàtà kánfáàsì nìkan. Tí wọ́n bá gbomi, wọn kì í tètè gbẹ, orí hítà inú ilé ni wọ́n sì ń sá aṣọ sí.

Ká wá sórí aṣọ òde, torí ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ àwọn èèyàn wa jù. Wọ́n ti rán léèsì aṣọ ẹbí láti Èkó, gèlè wà ńlẹ̀, bàtà gíga wà ńlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ronú nípa ọ̀nà tó wà láàárín ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí àti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Léèsì kún fún ihò. Atẹ́gùn mọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ẹ̀wù abẹ́ tó ń móoru, tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kó má baà yọjú lábẹ́ bùbá. Ẹ wọ lẹ́gíńsì sábẹ́ ìró, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ìborùn fífẹ̀ tó nípọn sàn ju kóòtù tó máa run bùbá yín mọ́ra. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí èyí tó ga wà nínú báàgì. Ẹ̀yin ọkùnrin, kò sí jákẹ́ẹ̀tì kankan láyé tó gba orí agbádá. Bùbá àti ṣòkòtò ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ká agbádá sínú báàgì títí ẹ ó fi dé gbọ̀ngàn. Tí ijó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí kò kàn yín mọ́ títí di ìgbà tí ẹ bá ń jáde lóru.

Àwọn kan tilẹ̀ ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí, wọ́n wá dì wọ́n sínú àpótí ńlá tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfúrufú. Ọkọ̀ tó gbéra ní Èkó lóru sábà máa ń balẹ̀ ní ìdájí tàbí òwúrọ̀ kùtù. Màmá á bọ́ síta nínú ìró àti bùbá pẹ̀lú sálúbàtà, wọ́n á máa tú àpótí wá súwẹ́tà níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ìyẹn bí àpótí náà bá bá wọn dé. Súwẹ́tà kan, ìbọ̀sẹ̀ àti jákẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ni kí ẹ mú wọn dání. Inú ọkọ̀ náà tutù.

Gàrí àti ẹ̀lúbọ́ ló máa ń lé aṣọ jáde nínú àpótí, n kò sì ní bá ìyá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀lúbọ́. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ kò gbà kí arìnrìn-àjò kó ẹran tàbí wàrà wọlé láti Nàìjíríà, nítorí náà ẹ yọ kílíṣí kúrò, kí ẹ fi súwẹ́tà sáyè rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, àwọn ṣọ́ọ̀bù aláàánú tó pọ̀ ní òpópónà wọn ń ta aṣọ àlòkù tó dára lówó pọ́ọ́kú.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ náà ń tan èèyàn. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ti ń sún aago síwájú ní wákàtí kan, nítorí náà, ní àárín oṣù Kẹrin, ó ń lọ sí aago mẹ́jọ alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ní London. Ẹ ó fi tíṣẹ́ẹ̀tì jáde láago mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ á ṣì wà láago méje, ṣùgbọ́n ẹ ó ti máa sáré wá bọ́ọ̀sì.

London ni mo sì ń sọ látẹ̀yìnwá. Ẹni tó ń lọ sí Aberdeen ní Scotland, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí nítorí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ epo, etí òkun ló ń lọ yẹn. Kùrukùru tí wọ́n ń pè ní haar lè ti orí omi wọ̀lú lóṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, kí oòrùn tí ẹ jí rí láàárọ̀ di àwátì. Kó fi súwẹ́tà kejì kún ẹrù, kó sì fi ṣòkòtò péńpé sílẹ̀ ní Ìbàdàn.