Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọ̀nà Jíjìn fún Ìwakọ̀ Orí Àpáta ní Moab

Moab jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Utah, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí odò Colorado ti la àárín àwọn àpáta pupa kọjá. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa wa ọkọ̀ jíìpù gba ibi tí ọ̀dà kò dé máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, pàápàá ní àkókò Àjíǹde. Ní ọdún 1967 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìlú náà kọ́kọ́ ṣètò ìwakọ̀ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n pè ní Easter Jeep Safari. Lónìí, ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń jẹ́ Red Rock 4-Wheelers ló ń bójú tó o, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ìbéèrè tí ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ni bí ọ̀nà ṣe lè jìn tó tí ìrìn àjò náà yóò ṣì lérè. Èrò tèmi ni pé àbọ̀ ló yẹ kí a fi ṣe ìṣirò yìí, kì í ṣe àlọ, nítorí pé ọkọ̀ kan náà tí a fẹ́ fi gun àpáta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tún gbọ́kàn lé pé yóò gbé wọn padà dé ilé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Láti Grand Junction sí Moab tó nǹkan bíi 180 kìlómítà, láti Salt Lake City tó 375, láti Denver sì tó 570. Ẹni tó bá ń gbé ní ọ̀kan nínú ìlú mẹ́ta wọ̀nyí lè jáde ní òwúrọ̀ kí ó sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ìparí ọ̀sẹ̀ tó fi ọjọ́ kan gùn ju bó ṣe máa ń rí lọ ti tó o. Láti Los Angeles ti ju 1,000 kìlómítà lọ. Láti Dallas tó nǹkan bíi 1,600, láti Houston, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ó sì sún mọ́ 2,000 kìlómítà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń bọ̀ láti Houston yóò lo ọjọ́ méjì lórí títì ní àlọ, yóò sì lo ọjọ́ méjì mìíràn ní àbọ̀.

Ìlànà tí mo máa ń dámọ̀ràn ni pé kí ọjọ́ tí a ó lò lórí àpáta má ṣe dín sí ọjọ́ tí a ó lò lórí títì, kí a sì fi ọjọ́ kan ṣófo lé e fún àtúnṣe. Fún ẹni tó ń ti Houston bọ̀, ọjọ́ mẹ́rin títì, ọjọ́ mẹ́rin àpáta, àti ọjọ́ kan fún àtúnṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án, èyí tó bá ìsinmi ọlọ́jọ́ márùn-ún mu bí a bá fi ìparí ọ̀sẹ̀ méjì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Bí ibi iṣẹ́ kò bá lè fún ẹni náà ní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, kí ó wá ọ̀nà tó sún mọ́ ọn. Àwọn ará Texas ní ọgbà ìjọba Big Bend ní ìpínlẹ̀ tiwọn, níbi tí ọ̀nà Black Gap, tí ìjọba kì í tún ṣe, ti ń béèrè ọkọ̀ tó ga nílẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ará ìlà-oòrùn ní ọgbà ìwakọ̀ Windrock, nítòsí Oliver Springs ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Kò sí ìtìjú kankan nínú kí a lọ sí ibi tó sún mọ́ ni, kí a sì wakọ̀ lórí rẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ iye ọjọ́, ọ̀rọ̀ tó kàn ni bí ọkọ̀ yóò ṣe dé Moab. A lè wa jíìpù náà fúnra rẹ̀ lọ. Èyí dára fún ọkọ̀ tó ṣì sún mọ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sì ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a ti gbé sókè, tí a sì ti wọ táyà oníínṣì 35 tí eyín rẹ̀ ki sí nídìí, máa ń pariwo lórí títì, afẹ́fẹ́ máa ń tì í sọ́tùn-ún sósì, ó sì máa ń mu epo púpọ̀, débi pé ẹni tó bá wà á fún ọjọ́ méjì yóò ti rẹ̀ kí ó tó rí àpáta àkọ́kọ́. Ohun tó tún wúwo jùyẹn lọ ni pé bí ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣẹ́ lórí àpáta, kò sí ohun tí yóò gbé wa padà.

Fún ọ̀nà tó bá ju 800 kìlómítà lọ, mo gbà pé kí a fi ọkọ̀ mìíràn fa jíìpù náà, yálà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí a so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù, tàbí kí a so jíìpù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yí nílẹ̀. Jeep Wrangler ṣeé fà báyìí, bí a bá ti fi àpótí jíà kejì rẹ̀ sí ipò tí kò ti gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ kankan, tí a sì tẹ̀ lé ohun tí ìwé ọkọ̀ náà wí ní kíkún. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹrù nìkan ló lè gbé jíìpù tí ìdí rẹ̀ ti bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi yàn án ju èkejì lọ. Kí a gbé jíìpù náà sórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tí ìwúwo tó ń tẹ ìdí píkọ́ọ̀pù yóò fi wà láàárín ìdá mẹ́wàá sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹrù náà. Bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ náà yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì lè da ọkọ̀ méjèèjì sínú igbó. Kí a tún wo eré tí wọ́n kọ sí ara táyà kẹ̀kẹ́ náà, kí a má ṣe sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gba California kọjá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 55 máìlì ní wákàtí kan, èyí tó tó 88 kìlómítà, ni òfin ìpínlẹ̀ náà gbà fún ọkọ̀ tó ń fa nǹkan.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Denver yóò gba títì I-70, tó gun òkè gba inú ihò Eisenhower kọjá, níbi tó ga tó 3,400 mítà sókè òkun. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì) máa ń pàdánù apá kan tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló léwu ju ìgòkè lọ. Kí a ti fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dá ọkọ̀ dúró, nítorí bíréèkì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbóná títí tí kò fi ní mú nǹkan mọ́.

Ọgbọ́n kẹta ni kí a má ṣe gbé ọkọ̀ lọ rárá. Àwọn oníṣòwò wà ní Moab tó ń fi jíìpù tí a ti tún ṣe fún àpáta háyà, ènìyàn sì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Grand Junction tàbí Salt Lake City. Ẹ má ṣe rò pé ọkọ̀ tí ẹ háyà ní pápákọ̀ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà kí a gbé ọkọ̀ kúrò lórí ọ̀dà, gbogbo ìbàjẹ́ yóò sì bọ́ sí ọrùn ẹni tó háyà á.

Ìgbà ìrúwé, láti oṣù kẹta sí ìkárùn-ún, àti ìgbà tí ewé ń wọ́, láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ni àsìkò tó dára jù. Ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń kọjá 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òjò òjijì láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án sì lè sọ ojú odò gbígbẹ di àgbàrá tó ń gbé ọkọ̀ lọ, kódà nígbà tó jẹ́ pé ibi tó jìnnà sí wa ni òjò náà ti rọ̀.

Nípa yíyan ọ̀nà, ètò ọjọ́ ṣe pàtàkì ju bí ọpọlọpọ ènìyàn ti rò lọ. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀nà tó rọrùn, bíi Shafer Trail, tó ń ṣẹ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ sọ̀kalẹ̀ lára àpáta, tàbí Chicken Corners, kí a lè mọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn. Lẹ́yìn náà ni kí a lọ sí Fins & Things, tó wà ní Sand Flats lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, níbi tí a ó ti san owó ìwọlé. Àpáta ibẹ̀, bí ó bá gbẹ, máa ń di táyà mú débi pé ọkọ̀ lè gun ibi tí ojú ń bẹ̀rù. Bí ọkọ̀ àti awakọ̀ bá ti bára mu níbẹ̀, kí a wá fi ọjọ́ kẹta gun Hell's Revenge tàbí Poison Spider Mesa, tó le jù. Kí a má ṣe fi ọ̀nà tó le jù sí ọjọ́ ìkẹyìn láé. Bí nǹkan bá ṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta, àyè ṣì wà láti rí mẹkáníìkì, láti béèrè fún ẹ̀yà ọkọ̀ láti ìlú mìíràn, kí a sì lo ọjọ́ tó ṣófo náà fún iṣẹ́. Bí ó bá ṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀, gbogbo 2,000 kìlómítà náà di ìṣòro wa.

White Rim Road yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tó kù. Ó tó 160 kìlómítà, ó yí òkè pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní Island in the Sky po nínú ọgbà ìjọba Canyonlands, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń lò lórí rẹ̀. A gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí a tó wọ̀ ọ́, kò sì sí omi tàbí epo rárá lójú ọ̀nà.

Kí a tó kúrò lórí ọ̀dà, kí a dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí nǹkan bíi 15 sí 20 PSI (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), kí táyà lè tẹ́ kí ó sì gbá àpáta mọ́ra, kí a fi jíà sí 4L (jíà kékeré tó ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), kí a sì máa rìn jẹ́jẹ́. Kí ẹ̀rọ ìfẹ́táyà wà nínú ọkọ̀, nítorí eré sísá lórí títì pẹ̀lú táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń mú un gbóná títí yóò fi bẹ́. Kí omi mímu má ṣe dín sí lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kí a ní táyà sípíà tó bá àwọn yòókù dọ́gba, okùn ìfàkọ̀ tó ń nà, àti ibi ìsokùn gidi níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ má ṣe so okùn mọ́ orí bọ́ọ̀lù irin tí a fi ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, nítorí ó lè já kí ó sì fò bí ọta ìbọn, ó sì ti pa ènìyàn rí. Tẹlifóònù kì í ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, nítorí náà kí ọkọ̀ méjì ó kéré tán máa rìn pọ̀, kí ẹnì kan nínú ìlú sì mọ ọ̀nà tí a gbà.

Èèpo dúdú kan wà lórí ilẹ̀ aṣálẹ̀ náà tó ní ẹ̀mí, tí àwọn ohun alààyè tó kéré ju ojú lọ ṣe, tó sì ń di iyanrìn mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Bí táyà bá kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ó dùn mí gan-an láti rí ipa táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nítorí ẹnì kan tí kò fẹ́ dúró de ẹni iwájú. Orí ọ̀nà tí a là sílẹ̀ nìkan ni kí a máa wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àbọ̀, kí a má ṣe gun àpáta kankan mọ́. Kí a fọ ìdí ọkọ̀ kí a lè rí ibi tí òróró ń jò, kí a wo páàdì bíréèkì, kí a fún afẹ́fẹ́ padà sínú táyà dé iye tó yẹ fún títì, kí a sì fi sípánà dán gbogbo nọ́ọ̀tì táyà wò, ti jíìpù, ti píkọ́ọ̀pù àti ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Lẹ́yìn nǹkan bíi 80 kìlómítà, kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí a tún àwọn nọ́ọ̀tì náà dán wò, kí a sì fi ọwọ́ sún mọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíárìn tàbí bíréèkì rẹ̀ ló ń bàjẹ́, kí a sì tún un ṣe ní ìlú tó kàn kí a tó tẹ̀ síwájú.