Họ́ọ̀nù Ọkọ̀ Kò Dún Mọ́? Ẹ Kọ́kọ́ Dẹtí sí Rílé

Ẹni tó bá ń wakọ̀ gba Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta láàárín ọ̀kadà àti márúwá mọ̀ pé ọkọ̀ tí họ́ọ̀nù rẹ̀ ti kú kò ṣeé gbé jáde. Síbẹ̀, ẹ má tíì sáré lọ ra tuntun.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ kó máa tẹ họ́ọ̀nù, kí ẹ̀yin dẹtí sí àpótí fíùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Bí rílé, súwíìṣì kékeré inú àpótí náà tó ń gbé iná lọ sí họ́ọ̀nù, bá ń dún "kẹ́", bọ́tìnnì orí sítíárì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Láti rílé lọ sí iwájú ni wàhálà wà. Bí kò bá dún rárá, ó ku fíùsì, rílé fúnra rẹ̀, tàbí sítíárì.

Fíùsì ló yá jù láti wò. Àwòrán abẹ́ ìdérí àpótí náà yóò fi ti họ́ọ̀nù hàn. 10 tàbí 15 amp ló sábà máa ń jẹ́. Nínú ọkọ̀ mìíràn, fíùsì kan náà ló ń gbé iná hásáàdì, nítorí náà ẹ tan hásáàdì wò. Bí fíùsì bá ti já, iye amp kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Bí tuntun bá tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó tó sì ń kan ara ọkọ̀, tàbí kí họ́ọ̀nù ti ṣọ́ọ̀tì. Ẹ má fi 30 amp síbẹ̀, ẹ má sì fi bébà inú páálí sìgá wé e: wáyà ni yóò jó dípò fíùsì, iná sì lè sọ nínú ọkọ̀.

Rílé kò le. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn tí nọ́ńbà ara wọn bára mu, láti inú àpótí kan náà, sí ipò rẹ̀. Bó bá dún, rílé lẹ máa rà.

Ìdí gílì iwájú ni họ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ máa ń wà, níbi tí eruku pupa àti omi òjò ti ń bá a. Ẹ yọ wáyà orí rẹ̀, ẹ fa wáyà tó ní fíùsì 15 amp láti pọ́sítíìfù bátìrì wá síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu wáyà méjì ló ní, ẹ so èkejì mọ́ négátíìfù. Èyí tó ní ẹyọ kan, bóòtù tó dè é mọ́ ara ọkọ̀ ló ń bá a parí iná. Bí ìpáàtà bá ti bo bóòtù yẹn, kò lè dún. Ẹ fi sáńpépà ha á dáadáa. Bí kò bá tún dún, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra òmíràn, 12 volt, kí ẹ sì dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí omi má bàa dúró sínú rẹ̀. Bó bá ń dún tín-ín-rín, tí ọkọ̀ yín sì ní họ́ọ̀nù méjì, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló kú.

Ti sítíárì ló gba sùúrù. Bí iná airbag, àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárì, bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí tí họ́ọ̀nù ń dún kìkì nígbà tí ẹ bá yí sítíárì sápá kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ clock spring, wáyà pẹlẹbẹ tó ká sínú sítíárì tó ń gbé iná họ́ọ̀nù àti airbag, ló ti já. Ẹ gbé e fún rẹ́wáyà tó mọṣẹ́: kó yọ négátíìfù bátìrì, kó dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má sì fi tẹ́sítà kan sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè, torí airbag lè bú jáde lójú rẹ̀.

Bí họ́ọ̀nù bá sì há tí kò dákẹ́, ẹ fa rílé rẹ̀ yọ. Ẹ má gé wáyà.