Ẹ fi mítà wọn wáyà yẹn kẹ́ ẹ tó tan iná
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń so kontúrólà AC ilé ńlá (ẹ̀rọ tó ń darí AC) pọ̀, wáyà BACnet MS/TP yẹn, tí àwọn kontúrólà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, láti ara ọ̀kan bọ́ sí ìkejì ni kẹ́ ẹ máa fà á o, ẹ má jẹ́ kó yà bí ẹ̀ka igi. Resistor 120 ohm (ẹ̀yà kékeré tó ń dín agbára iná kù), orí wáyà méjèèjì nìkan ló ń gbé. Kẹ́ ẹ tó tan iná, ẹ fi mítà wọn àárín plus àti minus wáyà náà, tó bá sún mọ́ 60 ohm ó dáa, tó bá jẹ́ 120, resistor kan ò sí níbẹ̀ tàbí wáyà ti já, tó bá wá wálẹ̀ sí 40, ẹnì kan ti ki ẹ̀kẹta bọ àárín. Ẹ yẹ nọ́ńbà tí kontúrólà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí wáyà náà wò, odidi ọjọ́ kan ni mo lò lórí òrùlé, àṣé kontúrólà méjì ló ń jẹ́ 12.