Owó Àsansílẹ̀ Franchise: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ọ́ Di Àwátì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra franchise ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti máa tajà lórúkọ ilé-iṣẹ́ tó ti gbajúmọ̀, ló gbà pé bí nǹkan bá dàrú, owó ìwọlé táwọn san yóò padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í padà.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ wo ti Burgerim, ilé-iṣẹ́ oníbọ́gà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórúkọ FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹ̀sùn náà ni pé àwọn tó lé ní 1,500 ló ra franchise rẹ̀, tí owó ìwọlé sì jẹ́ dọ́là 50,000 sí 70,000, pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò bá ṣí yóò gba owó rẹ̀ padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù rárá, ìlérí ọ̀hún sì já sófo. Owó àjọ àti owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíì ló ń bá irú èyí lọ o.

Òfin FTC ní kí olùtà fún yín ní ìwé àlàyé nípa franchise náà, tí wọ́n ń pè ní FDD, ó kéré tán ọjọ́ 14 kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí kẹ́ ẹ san kọ́bọ̀. Ìwé náà nípọn, abala 23 ló ní, àmọ́ Abala 5 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sọ bóyá owó ìwọlé ṣeé gbà padà, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kó tó padà. Ẹ fara balẹ̀ kà á: ilé-iṣẹ́ kan lè sọ pé apá kan nìkan ló máa padà, tàbí pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní pe òun lẹ́jọ́. Bí aṣojú bá ní kẹ́ ẹ "fi díẹ̀ di àyè yín mú" kí ọjọ́ 14 tó pé, òfin ló ń rú.

Ẹ má sì retí pé ẹ lè yí ọkàn padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí i. Ọsirélíà fún olùrà ní ọjọ́ 14 fún ìyẹn. Òfin FTC ò fúnni. Ní Brítéènì, kò tiẹ̀ sí òfin tó jẹ́ ti franchise nìkan.

Àwọn míì gbójú lé FTC pé yóò bá àwọn gbowó. Àmọ́ olùrà ò lè fúnra rẹ̀ fi òfin FTC pẹjọ́. Òfin ìpínlẹ̀ ló lè gbà á. Maryland ní òfin franchise tirẹ̀, Texas ò ní irú rẹ̀, nítorí náà ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín ní Baltimore lè má ṣiṣẹ́ ní Houston. Lọ́yà ìpínlẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ bi.

Ẹ pe àwọn tó ti fi franchise náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Abala 20 to orúkọ àwọn tó kúrò lọ́dún ìṣúná tó kẹ́yìn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rí nǹkan gbà padà, àti bó ṣe pẹ́ tó. Bí wọ́n bá ti mú àwọn kan fọwọ́ sí i pé wọn ò ní sọ̀rọ̀, abala yẹn náà ló yẹ kó sọ fún yín.