Ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó jẹ gbèsè: ìbéèrè lórí àlàfo inú tábílì SQL

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. A fẹ́ yá àwọn tí kò jẹ gbèsè lówó, mo wá kọ WHERE gbese <> 'beeni' ní SQL, èdè tí a fi ń bi àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè, pé kí ó yan àwọn tí àyè gbèsè wọn kì í ṣe 'beeni'. Àwọn tí a kò tíì kọ nǹkan kan sí àyè gbèsè wọn kò jáde. Mo wá wọn láàárín àwọn onígbèsè, wọn kò sí níbẹ̀ náà. Níbo ni wọ́n wọlẹ̀ sí?

Ìdáhùn: Wọ́n wà nínú tábílì. Àlàfo yẹn, NULL, kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ kọ́". "A kò mọ̀" ni. Tí ẹ bá fi ohun tí a kò mọ̀ wé 'beeni', èsì rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe irọ́. UNKNOWN ni SQL ń pè é, ọ̀kan nínú èsì mẹ́ta lọ́jíìkì tí Stephen Kleene, onímọ̀ ìṣirò, gbé kalẹ̀ ní 1938. Òótọ́ nìkan sì ni WHERE ń mú. Ẹ má gbára lé NOT, tó ń yí èsì padà sí òdì rẹ̀, nítorí òdì ohun tí a kò mọ̀, a kò mọ òun náà. IS NULL, tó ń béèrè bóyá àyè ṣófo, ni yóò fi wọ́n hàn yín.

Ìbéèrè: Mo lo NOT IN láti yan àwọn tí nọ́ńbà wọn kò sí nínú tábílì àwọn onígbèsè, kò mú ẹnì kan ṣoṣo jáde!

Ìdáhùn: Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà onígbèsè kan ṣófo níbẹ̀. Tí onígbèsè kan bá wà tí a kò dá mọ̀, ta la lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kọ́ ni? Lọ́jíìkì náà kò ṣìnà rárá. NOT EXISTS yóò mú orúkọ jáde, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ẹni tí kò bá rí lórí tábílì, ó kà á sí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Raymond Reiter, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣàlàyé irú ìgbékalẹ̀ yìí ní 1978. Ibi tí àkọsílẹ̀ bá ti pé pérépéré nìkan ló ti bójú mu, tiyín kò sì tíì pé.

Ìbéèrè: Ṣé ká yá wọn lówó, àbí ká má yá wọn?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ lẹ máa pinnu ìyẹn, kí ẹ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ wo àṣìṣe tó máa dun ẹgbẹ́ jù: kí owó lọ sọ́wọ́ onígbèsè ni, àbí kí a lé olóòótọ́ padà? Lójú tèmi, kí owó kékeré tó ní onídùúró lọ, kí owó ńlá dúró títí ẹ ó fi wádìí. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin yín gbangba: CASE WHEN gbese IS NULL THEN 'e wadii', ìyẹn ni pé tí àyè gbèsè bá ṣófo, kí ó kọ 'e wadii'. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, SQL á pinnu fún yín, ìpinnu rẹ̀ kò sì dọ́gba: WHERE máa ń lé UNKNOWN síta, CHECK, tó ń yẹ ohun tí a fẹ́ kọ sínú tábílì wò, sì máa ń jẹ́ kó wọlé.