Bí mo ṣe fi sítíkà wé máṣìn Boxer mi fúnra mi nílé

Ọ̀dà ara Boxer mi ti ṣá pátápátá, oòrùn Ìbàdàn kì í ṣàánú ọ̀dà dúdú rárá, orí táǹkì ti ń funfun bí eérú, sítíkà tó bá a wá látilé iṣẹ́ náà ti ń ká sókè létí. Mo lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà, iṣẹ́ wọn dáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fọ́n ọ̀dà tuntun sí i, àtijọ́ ti lọ nìyẹn, ká sì tún wá fi sáńpépà ha gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá tún ṣá. Sítíkà ní tiẹ̀, ìgbà tó bá wù mí ni mo lè bó o kúrò, ọ̀dà tó bá máṣìn wá ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Mo wá pinnu pé màá wé e, àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, èyí tí kì í dán, ọwọ́ ara mi ni màá sì fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sítíkà gan-an, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Vinyl ni wọ́n ń pè é, oríṣi méjì ló sì wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní calendered, rólà ńláńlá ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ nígbà tó bá gbóná, bí wọ́n ṣe fipá nà án yẹn ò kúrò lára ẹ̀ o, tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn á máa sún kì díẹ̀díẹ̀, etí ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn onítẹ̀wé, ẹ dé Ṣómólú l'Ékòó tàbí Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, òun lẹ máa rí, torí pátákó ìpolówó tó tẹ́jú ni wọ́n ń lò ó fún, ó sì dáa fún ìyẹn. Èkejì ni cast. Ńṣe ni wọ́n ń da òun bí omi sórí bébà, tí wọ́n á wá fi ooru gbẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó nà án nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìyẹn ni ò fi ń sá padà tí wọ́n bá wé e mọ́ nǹkan tó rí roboto. Ó fẹ́lẹ́, bíi 0.1 mílímítà ni, owó ẹ̀ sì ga ju tàkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ilé iṣẹ́ 3M ń ṣe é, 2080 lorúkọ tiwọn, ilé iṣẹ́ Avery Dennison náà ní SW900. Fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 1.52 mítà, mo ra mítà 2 ní gígùn, ó sì tó mi kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín owó kù, ẹ dín in kù níbòmíì, ẹ má fi calendered wé táǹkì, ẹ jọ̀ọ́.

Mo tú máṣìn ná. Àwọn kan máa ń wé e bó ṣe wà lórí ìdúró yẹn, etí sítíkà ò wá ní lè wọ abẹ́, àfi kí wọ́n gé e sójú, omi òjò àkọ́kọ́ tó bá wọ ibẹ̀ ló máa ṣí i. Mo yọ síìtì, mo ti kọ́ọ̀kì epo, mo fa rọ́bà epo yọ, bóòtù tó wà lẹ́yìn táǹkì ló kàn, mo wá gbé e sẹ́yìn kúrò lórí rọ́bà tó ń dì í mú níwájú. Sáìdì kọ́fà méjèèjì, mọ́gáàdì iwájú àti ìbòrí iná ò le rárá.

Wàyí o, epo. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Táǹkì tí wọ́n ti da epo inú ẹ̀ nù léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru epo tó kù nínú ẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn, òun gan-an ló ń gbiná lójijì. Irin inú heat gun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru tí mo fi ṣiṣẹ́ yìí, sì máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Mo da epo sínú kẹ́ẹ̀gì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn jìnnà sílé, mo fi omi ọṣẹ fọ inú táǹkì léraléra títí òórùn epo fi kúrò nínú ẹ̀ pátápátá, mo dojú ẹ̀ kọlẹ̀ nínú oòrùn kó gbẹ dénú. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Táǹkì tó bá ṣì ń rùn epo, ẹ má gbé ooru sún mọ́ ọn.

Sítíkà àtijọ́ rọ̀ nígbà tí mo fẹ́ ooru sí i, mo fi káàdì ATM tó ti kú tì í kúrò, gọ́ọ̀mù tó kù sílẹ̀ ni mo fi kẹrosíìnì nù. Kẹrosíìnì náà ń fi òróró sílẹ̀, nítorí náà mo tún fi omi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀, ó gbẹ, mo wá fi sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì nù ún kẹ́yìn. Látìgbà yẹn, n ò fọwọ́ lásán kàn án mọ́, torí òógùn àti òróró ọwọ́ ò ní jẹ́ kó lẹ̀. Ìpara tí wọ́n ń fi nu ike àti táyà kó lè dán, ọ̀tá sítíkà gbáà ni. Ibi tí òkúta ti ta táǹkì, mo fi sáńpépà olómi nọ́ńbà 800 ha á títí ọwọ́ mi ò fi gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, torí sítíkà kì í bo kùdìẹ̀kudiẹ mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń fi í hàn.

Ìyàrá ni mo ti ṣe é, mo ti fèrèsé, mo pa fáànù, mo wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má bàa fò. Òwúrọ̀ ló dáa jù, tí ọ̀sán bá ti gan, sítíkà á ti rọ̀ jù, gọ́ọ̀mù ẹ̀ á máa gbá nǹkan mú kó tó débi téèyàn fẹ́. Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀ o. Heat gun ń jẹ tó 1,500 sí 2,000 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ilé ní, èyí tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour yẹn, kò lè gbé e, dráyà àwọn onídìrí gan-an máa ń wúwo fún un. Iná NEPA ni mo dúró dè, ìgbà tí wọ́n bá mú un wá ni mò ń ṣiṣẹ́.

Mo fi mọ́gáàdì àti ìbòrí iná mọwọ́ ná, kí n tó dé orí táǹkì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wé mọ́tò l'Ékòó ló ń darí mi lórí fóònù, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi ṣáájú pé ooru ló ń ṣiṣẹ́ yìí, agbára kọ́. N ò fi ẹyọ kan wé gbogbo táǹkì, mo pín in sí mẹ́ta, ọ̀tún, òsì, àti èyí tó gba àárín kọjá, èyí tàárín gun orí àwọn tẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bíi 5 mílímítà. Àbúrò mi ọkùnrin di igun méjì mú, èmi di méjì mú, a nà án kó kàn tẹ́ ni, a gbé e kalẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí bí ìgbà téèyàn ń lọ aṣọ. Ohun tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ ni pátákó ike kékeré tí wọ́n lẹ aṣọ fẹ́ẹ̀tì mọ́ létí, kó má bàa ha á. Ẹ̀yìn sítíkà gidi ní ojú ọ̀nà tíntìntín tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ síhà kan náà, kò ní hó.

Ibi tí orúnkún ń wà, tí táǹkì ti wọnú, ibẹ̀ logun wà. Ó ń ká jọ. Mo pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń ká jọ níbi orúnkún o."

"Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ká a sókè padà, fẹ́ ooru sí i kó sún kì fúnra ẹ̀, kó o wá tún un gbé kalẹ̀. Inú kòtò yẹn ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀, má fà á gba orí ẹ̀ kọjá."

Òótọ́ ni. Bí ooru ṣe kàn án báyìí ni gbogbo ìká yẹn parẹ́ lójú mi, ó padà tẹ́jú bí tuntun, mo wá fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tì í sínú kòtò yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Téèyàn bá fà á gba orí kòtò kọjá kó tó tì í wọlé, ó ti nà jù nìyẹn, kò sì ní pẹ́ tó máa fi gbéra kúrò níbẹ̀.

Gígé ẹ̀, mi ò jẹ́ kí bíléèdì kan ọ̀dà. Etí ìsàlẹ̀ ni mo ṣẹ́ wọ abẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà kan kí n tó gé e níbi tójú ò ti lè rí i. Yíká ẹnu táǹkì, mo lo téèpù kan tó ní okùn tín-ín-rín nínú, èèyàn á lẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó tó gbé sítíkà lé e, á wá fa okùn yẹn, okùn ló máa gé e. Mo fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín sítíkà àti ẹnu táǹkì, torí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rọ epo fún wa ní filling station, ó máa ń ṣàn sílẹ̀, epo tó bá sì wọ abẹ́ etí sítíkà, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ti yọ́ nìyẹn.

Tó bá parí, kò tíì parí. Gbogbo etí àti gbogbo kòtò ni mo tún fẹ́ ooru sí, ó gbọ́dọ̀ kọjá 90°C, mo fi temómítà tí kì í fara kan nǹkan wò ó. Ooru yẹn ló ń jẹ́ kó gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, kó dúró síbi tá a fi í sí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mo rí nígboro tó ti ń ṣí létí, ó dá mi lójú pé ibí yìí ni wọ́n fò.

Ike dúdú tó rí ṣákiṣàki lára máṣìn, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, sítíkà kì í lẹ̀ mọ́ wọn dáadáa. Mi ò débi ẹ̀gbẹ́ sáléńsà rárá. N ò fọ̀ ọ́ kó tó di ọjọ́ mélòó kan, mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ládùúgbò pé kí wọ́n má gbé omi alágbára yẹn sún mọ́ etí ẹ̀, kànrìnkàn àti ọṣẹ ti tó. Orí táǹkì ló máa kọ́kọ́ ṣá torí òun loòrùn ń pa tààrà, mo máa ń da aṣọ bò ó tí mo bá páàkì. Àwọ̀ máṣìn wà nínú ìwé ẹ̀, ẹni tó bá yí i padà, kó lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì lọ tún un ṣe, káwọn ọlọ́pàá má bàa dá a dúró lọ́nà.